Kérésì 2009, Kérésì 2025: ohun tí Ron Paul ń wí, àti ibi tó ti kan àwa tó wà ní Òkè Ọya

Lálẹ́ Kérésì tó kọjá, ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2025, mo ti sùn nígbà tí fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìdákẹ́. WhatsApp ẹgbẹ́ wa ni. Amẹ́ríkà ti ju bọ́ǹbù sí Sókótó. Kílẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ tó wọlé ti lé ní igba. Ẹnì kan ní kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Sókótó má ṣe jáde nílé. Òmíràn ní irọ́ ni, pé iná lásán ni wọ́n rí lójú ọ̀run. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà níbẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́. Ó ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ ISIS o, kí wọ́n ṣáà sọ fún òun bóyá ọjà máa ṣí lọ́la, torí òun ti rẹ ẹ̀wà sómi.

Ìbéèrè ìyá yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Òun ló sì jẹ́ kí n rántí Kérésì míì, ti ọdún 2009. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ Nàìjíríà kan, Umar Farouk Abdulmutallab, ọmọ ọdún 23, fi bọ́ǹbù sínú ṣòkòtò abẹ́ rẹ̀, ó sì wọ bàálù láti Amsterdam lọ sí Detroit. Èèyàn tó súnmọ́ 300 ló wà nínú bàálù náà. Bọ́ǹbù yẹn kò bú bó ṣe yẹ kó bú, iná ló sọ, àwọn èrò tó jókòó nítòsí rẹ̀ ló sì fò mọ́ ọn tí wọ́n dì í mú.

Ẹ wò ó. Kérésì kan, ọmọ Nàìjíríà gbé bọ́ǹbù lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 16 lẹ́yìn ẹ̀, Kérésì kan náà, Amẹ́ríkà gbé bọ́ǹbù wá sí Nàìjíríà. Mi ò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ṣùgbọ́n bàbá arúgbó kan wà ní Texas tó ti ń sọ ọ́ láti ìgbà pípẹ́ pé ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ara ní pápákọ̀ òfurufú àti ọ̀rọ̀ ogun ilẹ̀ òkèèrè, ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Ron Paul lorúkọ rẹ̀. Ó yẹ ká mọ ohun tó ń sọ, ká sì mọ ibi tí ó ti tọ́ àti ibi tí kò ti rí bẹ́ẹ̀, pàápàá àwa tí kò sí nílé baba wa.

Dókítà tó ń gbẹ̀bí ni Ron Paul. Ọdún 1935 ni wọ́n bí i, ó ti lé ní 90 ọdún. Ó lọ sílé aṣòfin Amẹ́ríkà láti Texas lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì kúrò níbẹ̀ pátápátá ní oṣù Kìíní ọdún 2013. Ó du ipò ààrẹ ní 1988, ó tún du ú ní 2008 àti 2012, kò wọlé. Libertarian ni wọ́n ń pe irú wọn. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé ara èèyàn àti ohun ìní èèyàn, ti èèyàn ni, kì í ṣe ti ìjọba. Kí ìjọba kéré, kí owó orí kéré, kí wọ́n fi oníṣòwò sílẹ̀ kó ṣòwò, kí ìjọba Amẹ́ríkà má sì lọ máa tojú bọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ onílẹ̀. Wọn kì í ṣe Democrat, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Republican náà ò sì fẹ́ràn wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ẹgbẹ́ Republican ni Ron Paul jókòó sí.

Ẹ jẹ́ ká mú ti pápákọ̀ òfurufú ṣáájú.

Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ìjọba Amẹ́ríkà dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TSA, ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Òun ló ń yẹ èrò wò kí wọ́n tó wọ bàálù. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fúnra wọn ló ń gba ẹ̀ṣọ́. Ron Paul ní àṣìṣe ni. Ó ní ẹni tó ni bàálù ni kó ṣọ́ bàálù rẹ̀, torí òun ni yóò pàdánù bí ó bá jóná. Nígbà tó ń dupò ní 2011, ó gbé ètò ìnáwó kan jáde tó fi ní òun yóò gé tírílíọ̀nù kan dọ́là kúrò nínú ìnáwó ìjọba lọ́dún àkọ́kọ́. Pípa TSA rẹ́ wà nínú ètò yẹn.

Àwa ọlọ́jà ò ní ṣàì mọ ohun tó ń sọ. Nínú ọjà wa níbí, kì í ṣe ọlọ́pàá ló ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù lóru. Àwa la ń dáwó fún mẹ́gádì. Bí mẹ́gádì bá sùn tí wọ́n jalè, a mọ ẹni tí a ó bi léèrè, a sì lè lé e lọ lọ́jọ́ kejì. Ta lo lè lé lọ nínú àwọn tó gbé igi dá ọ̀nà Jẹ́bà? Ìyẹn gan-an lọ̀rọ̀ bàbá yìí. Ẹni tí o kò lè lé lọ, kò ní bẹ̀rù rẹ.

Ní ti Abdulmutallab, ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni ti bàbá rẹ̀. Bàbá yìí, Alhaji Umaru Mutallab, gbajúmọ̀ òṣìṣẹ́ báǹkì ará Katsina, ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà ní Àbújá ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009, ó ní ẹ̀rù ọmọ òun ń ba òun, pé ó ti wà ní Yemen pẹ̀lú àwọn èèyàn burúkú. Bàbá tó lọ fẹjọ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀ sùn! Wọ́n kọ orúkọ ọmọ náà sínú ìwé ńlá kan tí orúkọ bí ìdajì mílíọ̀nù wà, ó parí síbẹ̀. Wọn kò gba físà rẹ̀. Wọn kò fi orúkọ rẹ̀ sára àwọn tí kò gbọ́dọ̀ wọ bàálù. Oṣù kan péré lẹ́yìn ìyẹn ló wọkọ̀.

Ta ló wá jìyà rẹ̀? Kì í ṣe òṣìṣẹ́ tó fi ìwé bàbá yẹn sínú dúróọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2010, Amẹ́ríkà kó orílẹ̀-èdè 14 jọ, Nàìjíríà wà níbẹ̀, wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá ti ibẹ̀ wá, wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ tú u lára. Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa lọ kí ọmọ rẹ̀ ọlọ́mọ tuntun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn. Ní pápákọ̀ kan, wọ́n tú gèlè lórí rẹ̀, wọ́n ní kó nawọ́ méjèèjì, wọ́n fọwọ́ pa á lára láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ níwájú àwọn èèyàn. Ìyá náà ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni fún ọdún méjì. Ọjọ́ tó sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n ẹ mọ irú ẹ̀rín yẹn. Wọ́n pa ètò orílẹ̀-èdè 14 yẹn tì ní oṣù Kẹrin, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wo inú aṣọ sì pọ̀ sí i ní pápákọ̀ Amẹ́ríkà láti ìgbà náà.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2010, Ron Paul gbé àbá òfin kan lọ sílé aṣòfin. Àbá náà kò gùn rárá. Ohun tó sọ ni pé bí òṣìṣẹ́ pápákọ̀ bá ṣe sí èèyàn ohun tí òfin máa tìtorí rẹ̀ mú ẹlòmíì, kí òfin mú òun náà. Kí aṣọ ìjọba má bò ó mọ́lẹ̀. Ìyẹn ò ṣòro láti yé wa. Bí ọkùnrin kan bá fọwọ́ pa ìyàwó rẹ lára nínú ọjà, ṣé ẹ máa bi í bóyá ó ní kápù lórí ni? Àbá yẹn kò kọjá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé aṣòfin kékeré ti ìpínlẹ̀ Texas gbìyànjú láti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún ìpínlẹ̀ tiwọn, ìjọba àpapọ̀ sì kọ̀wé sí wọn pé bí òfin yẹn bá jáde, bàálù lè má gbéra mọ́ ní Texas. Ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀. Kódà ọmọ Ron Paul, Rand Paul, tó jẹ́ sẹ́nétọ̀ láti Kentucky, wọ́n dá a dúró ní pápákọ̀ Nashville ní oṣù Kìíní ọdún 2012 torí ẹ̀rọ ké ní orúnkún rẹ̀, ó sì kọ̀ kí wọ́n fọwọ́ tú òun. Bàálù fi í sílẹ̀ lọ. Sẹ́nétọ̀ o!

Ṣé àyẹ̀wò yẹn tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Ní ọdún 2015, ìròyìn jáde pé ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ rán àwọn èèyàn tirẹ̀ láti dọ́gbọ́n gbé ohun ìjà àti bọ́ǹbù ayédèrú kọjá lọ́dọ̀ TSA. Ìgbà 70 ni wọ́n dán an wò, ìgbà 67 ni wọ́n kọjá. Ọ̀rọ̀ bàtà ńkọ́? Ọkùnrin kan fi bọ́ǹbù sí bàtà ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, èrò nínú bàálù ló mú òun náà. Nígbà tó di 2006, wọ́n sọ ọ́ di dandan kí gbogbo èèyàn bọ́ bàtà. Oṣù Keje ọdún 2025 ni wọ́n tó ní ká máa wọ bàtà wa lọ. Ó lé ní ọdún 18 tí àgbà àti ọmọdé fi ń fi ìbọ̀sẹ̀ rìn lórí tálìsì, torí èèyàn kan.

Títí débi tí mo dé yìí, Ron Paul ló jàre. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jẹ́ ọlọ́jà tí mo sì fẹ́ràn kí ìjọba yọwọ́, mi ò lè tẹ̀ lé e dópin. Ilé iṣẹ́ àdáni ló ń ṣọ́ pápákọ̀ Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001. Owó oṣù àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn kò tó nǹkan, torí ilé iṣẹ́ bàálù fẹ́ fi owó pamọ́. Àwọn 19 tó já bàálù gbà lọ́jọ́ náà, iwájú wọn ni wọ́n gbà kọjá. Àwọn èèyàn Ron Paul máa ń fèsì pé òfin ìjọba ìgbà yẹn ló fàyè gba ọ̀bẹ kékeré nínú bàálù, pé ìjọba ló sì ní kí awakọ̀ máa ṣe bí ajínigbé bá ṣe wí. Òótọ́ ni ìyẹn pẹ̀lú. Pápákọ̀ San Francisco ṣì ń lo ẹ̀ṣọ́ àdáni títí di òní, lábẹ́ àṣẹ TSA, bàálù sì ń gbéra níbẹ̀. Èmi gbà pé irú èyí dáa. Ṣùgbọ́n kí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni bàálù nìkan? Nínú ọjà wa náà, a ti rí ìgbà tí àwọn ọlọ́jà kọ̀ láti dáwó fún mẹ́gádì kejì, wọ́n ní owó pọ̀. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ká má tilẹ̀ lọ jìnnà. Ní pápákọ̀ kan nílẹ̀ wa níbí, òṣìṣẹ́ tó ń wo àpò mi bi mí pé, "Àlàájì, kí lẹ mú wá fún wa?" Mi ò kì í ṣe Àlàájì. Mo fún un ní ẹgbẹ̀rún kan, kò wo àpò náà mọ́. Bọ́ǹbù ì bá wà nínú rẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan náírà ni ì bá gbé e kọjá. Ìjọba ló gba ọ̀gbẹ́ni yẹn síṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó fi dá mi lójú pé bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ àdáni ló gbà á, kò ní bi mí.

Èyí tó kan wa jù ni ọ̀rọ̀ kejì, ti ogun ilẹ̀ òkèèrè.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007, àwọn Republican tó ń du ipò ààrẹ kó ara wọn jọ fún àríyànjiyàn ní South Carolina. Ron Paul sọ níbẹ̀ pé àwọn tó kọlu Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ torí Amẹ́ríkà ti wà lórí ilẹ̀ wọn, pé ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń ju bọ́ǹbù sí Ìráákì kí ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án tó dé. Giuliani, tó jẹ́ olórí ìlú New York nígbà ìkọlù náà, bínú, ó ní kó kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ, gbogbo èèyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ron Paul kò kó o jẹ. Ohun tó ń sọ, òwe kan ló pa á tì lédè wa: ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà fúnra wọn ní orúkọ fún un láti ọjọ́ pípẹ́.

Abdulmutallab fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí fún un. Nígbà tó gbà ní kóòtù Detroit ní oṣù Kẹwàá ọdún 2011 pé òun jẹ̀bi, ó ka ìwé kan pé òun ṣe é láti gbẹ̀san àwọn Mùsùlùmí tí Amẹ́ríkà ń pa. Wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n gbére ní oṣù Kejì ọdún 2012. Ṣùgbọ́n ẹ dúró o. Ta ló ju bọ́ǹbù sí ilé bàbá rẹ̀? Ọmọ olówó ni, London ló ti kàwé. Kò sí eérú Amẹ́ríkà kankan tó bọ́ sí ojú ẹ̀. Àwọn oníwàásù ló gbé ẹ̀dùn ọkàn ẹlòmíì fún un, tó sì gbé e rù. Ibẹ̀ ni àlàyé Ron Paul ti kúrú díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo apànìyàn ni a ṣẹ̀.

Àmọ́ èmi mọ irú eérú kan tí Ron Paul ò dárúkọ: èyí tí kò tọ ẹni tó dà á, tó jẹ́ ojú aládùúgbò ló bọ́ sí.

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2001 ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù sí Afghanistan. Nígbà náà mo ń kọ́ òwò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Sabon Gari, Kano. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọjọ́ 12, lẹ́yìn ìrun, àwọn èèyàn jáde láti fi ẹ̀hónú hàn sí Amẹ́ríkà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti di ìjà ìgboro. Wọ́n jó ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jó mọ́ṣáláṣí, wọ́n jó ṣọ́ọ̀bù, wọ́n pa èèyàn, iye tí ìjọba kà sì kéré gan-an sí iye tí àwọn mìíràn kà. A ti ara wa mọ́lé. Gààrí àti ẹ̀pà la jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Èèyàn 11 la wà nínú yàrá méjì, rédíò kan ló wà láàárín wa, BBC Hausa ló ń sọ. Ọ̀gá mi bi wá pé, "Níbo gan-an ni Afghanistan yìí wà?" Kò sí ẹni tó mọ̀. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá, mo ní ó dà bíi pé ó súnmọ́ Íńdíà. Ọ̀gá mi ní, "Wọ́n ń jà ní ẹ̀gbẹ́ Íńdíà, wọ́n wá ń jó ṣọ́ọ̀bù mi ní Kano." Kò sí Amẹ́ríkà kankan ní Sabon Gari lọ́jọ́ náà. Àwa la wà níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já lálẹ́ Kérésì tó kọjá. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn agbébọn. Ààrẹ Trump ní àwọn ISIS ni wọ́n pa, ìjọba Nàìjíríà náà ní àwọn mọ̀ nípa rẹ̀, pé pẹ̀lú àjọṣe àwọn ni. Wọ́n ní kò sí ará ìlú tó kú. Ṣùgbọ́n àwókù ohun ìjà náà já sí oko ní Jábò, ní ìpínlẹ̀ Sókótó níbẹ̀, ó sì tún já sí Ọ̀fà. Ọ̀fà tiwa o, ní Kwara! Ẹni tí ó sá kúrò ní Sókótó lọ sílé kí ó lè sinmi, àwókù lè bá a nínú ilé baba rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ. Wọ́n á ní, ìjọba tiwa ti kùnà, kí ẹni tó lágbára wá ràn wá lọ́wọ́. Àwa Yorùbá sì ní òwe tó tako Ron Paul gbangba: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, wọ́n wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì ní Èrúkù, ní Kwara, wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó èèyàn 38 lọ. Ọpẹ́ ni pé wọ́n gbà wọ́n padà. Ẹ lọ sọ fún ará Èrúkù pé kí ẹnikẹ́ni má dá sí i, ẹ wo bó ṣe máa wò yín. Èmi ò lè sọ ọ́ fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a kì í sọ ọ́ nígbà tó bá jẹ́ àwa là ń dá sí ti ẹlòmíì. Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá tó kọjá, nígbà tí àwọn ṣọ́jà fẹ́ gbàjọba ní Olómìnira Benin, Tinubu rán bàálù ogun lọ, torí ìjọba wọn bẹ̀ wá. Púpọ̀ nínú wa pàtẹ́wọ́, títí kan èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, torí àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wa ni wọ́n. Òfin Nàìjíríà, abala karùn-ún, sọ pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ọmọ ogun wa tó lọ jà lẹ́yìn odi, àfi bí ewu bá dé tán, kí ààrẹ sì tètè wá gbàṣẹ. Bàálù ti lọ kí wọ́n tó jókòó lé e. Ohun tí Ron Paul àti ọmọ rẹ̀ ń bá àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà jà lé lórí láti ọjọ́ yìí gan-an nìyẹn: òfin tiwọn ní ilé aṣòfin ló lè kéde ogun, ààrẹ a sì máa sáré lọ. Ron Paul dìbò tako ogun Ìráákì ní oṣù Kẹwàá ọdún 2002, nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ló ń pariwo ogun.

Ní ti Niger ní 2023, ọ̀rọ̀ yẹn dé àpò mi. Àǹkárá ni mò ń tà ní Kantin Kwari, àwọn oníbàárà mi tó dáa jù, láti Màràdí àti Zinder ni wọ́n ti ń wá. Ṣọ́jà gbàjọba ní Niger ní oṣù Keje, ECOWAS, tí Tinubu jẹ́ alága rẹ̀, fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti ẹnubodè, Nàìjíríà já iná mànàmáná wọn. Ogun ò ṣẹlẹ̀, àwọn sẹ́nétọ̀ wa ní kí wọ́n fọ̀rọ̀ yanjú ẹ̀, inú mi dùn sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnubodè wà ní títì títí di oṣù Kẹta ọdún 2024. Oníbàárà mi kan ti kó ọjà lọ láwìn kí wọ́n tó tì í. Owó náà pé kó tó dé, nígbà tó sì dé, náírà ti ṣubú, kò ra ìdajì ọjà tó kó. Ó kó owó wá o, ó tún bẹ̀ mí. Kò sí ṣọ́jà tó san nǹkan kan nínú ẹ̀. Ron Paul fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí Jefferson, ààrẹ wọn kan, tó ti sọ láti 1801 pé kí wọ́n bá gbogbo ayé ṣòwò, kí wọ́n má sì bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀ ogun. Mo gbà á lórí èyí, láìsí àbùlà.

Ohun kan tó kù: ẹni tó ní kí Amẹ́ríkà máa lọ, kó mọ ohun tó máa bá wọn lọ. Ron Paul ò fẹ́ kí wọ́n ju bọ́ǹbù síni, kò sì fẹ́ kí wọ́n fúnni ní kọ́bọ̀. Nígbà tí Trump dá owó ìrànwọ́ dúró ní oṣù Kìíní ọdún 2025, tí wọ́n sì ti USAID pa ní oṣù Keje, ohun tí Ron Paul ti ń bèèrè láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Àwọn tó ń gba oògùn HIV lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn wa kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá kó owó lọ tán, wọ́n tún padà wá pẹ̀lú bọ́ǹbù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá físà ìbẹ̀wò àti ti akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún ọmọ Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ la tún ṣe padà sórí ọ̀rọ̀ pápákọ̀. Ní 2010 wọ́n ń tú gèlè ìyá àgbà kí wọ́n tó jẹ́ kó wọkọ̀. Ní báyìí, ìyá náà ò tiẹ̀ ní débi tí wọ́n ti ń tú gèlè.

Èmi ò fẹ́ kí wọ́n kọ̀ láti ran ará Èrúkù lọ́wọ́. Ohun tí mò ń bèèrè kéré: kí ìjọba wa sọ fún wa kó tó ṣẹlẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí àwókù ti já. Kí ilé aṣòfin jókòó lé e, kí á mọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Àwọn ẹgbẹ́ wa ní Sókótó, Kebbi àti Zamfara, kí wọ́n ní ìwé tí orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àti nọ́ńbà ará ilé wọn wà, nítorí ní 2001, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ fi rò pé mo ti kú.

Mo pe ìyá ẹlẹ́wà yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kejì Kérésì. Ó ní ọjà ṣí. Ó ní ẹ̀wà tán kó tó di aago mẹ́wàá, pé àwọn oníbàárà rẹ̀, ọmọ Hausa àti Fúlàní, ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù ni wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe ń jẹun, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wo òun ní ìwòkuwò. Mo ní ṣé ẹ̀rù ò wá bà yín mọ́, ìyá? Ó ní òun ti rẹ ti ọ̀la sómi.